Òtítọ́ Tí Tàófíìkì Sọ Gba Ọgọ́sàn-án Ọmọ Là

Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣe máa ń rí ní Kútọnu. Kakí, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, á kún orí tábìlì, kakí á kún orí àga. Ìyá á di ọwọ́ ọmọ mú, ọmọ á máa wo ìta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Àdìzátù rí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní àdúgò Fidjrossè, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀, Tàófíìkì, ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlá.

Iṣẹ́ irin ni Tàófíìkì ń ṣe. Òun ló ń gé irin, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń so ó pọ̀ kí àwọn bíríkìlà tó da kọnkéré lé e lórí. Ọmọ ìlú Pobè ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó di ife kafé mú, kò sì mu ún.

Alàgbà Mùílíù wọlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Balqees, ọmọ ọdún méje. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣe akọ̀wé ní ilé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kí ó tó fẹ̀yìn tì.

"Ìyá Rilwan, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Balqees, wá kí n wọ̀n ẹ́. O ti ga ju ti èṣí lọ."

"Kíláàsì wa máa wà lókè lọ́dún yìí," ni Balqees wí. "Dìrẹ́tírìsì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ló sọ bẹ́ẹ̀. Màá máa rí òkun láti ojú fèrèsé."

Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgò ni ọmọ náà ń sọ: kíláàsì méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, ọgọ́sàn-án ọmọ. Wọ́n ti kùn ún tán. Ó ku kí àlejò dé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n wá ṣí i.

Bí Tàófíìkì ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà, ó dìde. Kò kí Alàgbà Mùílíù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá náà kọjá, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Ojú ti Àdìzátù. Ó bẹ bàbá náà pé kó má bínú, ó ní ara ọkọ òun ò yá láti ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí àwọn oníbàárà dín kù, ó lọ bá a lẹ́yìn ilé.

"Bàbá Rilwan, ẹ ò kí Bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn wí."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

Tàófíìkì ò gbójú sókè. "Kò yẹ kí ọmọ kankan gun òkè ilé yẹn."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun ló so irin dáálì ilé náà, ìyẹn pẹpẹ kọnkéré tó gbé kíláàsì òkè dúró. Ìwé tí ẹnjiníà yà sọ pé irin tó nípọn bí ọmọńdinrín ni kí wọ́n lò. Èyí tí Ọ̀gá Bẹ́nwá, agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà, gbé wá kò ju igi bírò lọ. Ibi tó yẹ kí irin mẹ́wàá wà, mẹ́fà ló tò síbẹ̀.

"Ẹ ò béèrè?"

"Mo béèrè. Ó ní ìwé tí wọ́n yà, ti ọ́fíìsì nìyẹn. Irin tí òun gbé wá ni kí n so. Mo so ó. Wọ́n tún yọ igi tó gbé dáálì dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kó irinṣẹ́ mi níbẹ̀. Mo wòkè. Àárín rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ti sán lábẹ́. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún."

"Ẹ ti bá ọ̀gá yín sọ ọ́?"

"Mo pè é lánàá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń wá olórí òṣìṣẹ́ fún ṣàntíẹ̀ ìkọ́lé tuntun, èmi sì lòun ní lọ́kàn. Nígbà tí mi ò fèsì, ó yí ohùn padà. Ó ní, 'Tàófíìkì, ọwọ́ rẹ ló so irin yẹn. Bí ọlọ́pàá bá dé, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?'"

Ẹ̀rù ba Àdìzátù. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Ọdún mẹ́fà ni ọkọ rẹ̀ ti ń bá Ọ̀gá Bẹ́nwá ṣiṣẹ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó rán ìlà kan, ó tú u, ó tún un rán. Nígbà tó yá, ó gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì padà lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo ọmọ tí mo wọ̀n láàárọ̀ yìí, mo mọ bí èjìká wọn ṣe fẹ̀ tó," ó wí. "Mi ò lè máa rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sínú ilé yẹn kí n sì panu mọ́."

"Èmi náà ò lè dákẹ́ mọ́. Mo ti ń rò ó pé kí n gba ohùn mi sílẹ̀, kí n jù ú sórí WhatsApp. Mi ò ní dárúkọ."

"Bí ẹ ò bá dárúkọ, wọ́n á ní irọ́ ni. Kí ariwo náà tó dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́, ọ̀gá yín á ti tún ògiri náà kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Mùílíù. Ó mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí ìjọba."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n lọ sílé Alàgbà Mùílíù. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó tọrọ àforíjì fún kíkí tí kò kí i láàárọ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́.

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ọmọ-ọmọ mi wà lára àwọn tó máa wọ ilé yẹn. Ó yẹ kí n bínú sí ọ, Tàófíìkì. Màá sì bínú tó bá yá. Ní báyìí, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Kí lo ní lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹnu rẹ?"

Tàófíìkì yọ fóònù. Àwọn oníṣẹ́ irin a máa ya àwòrán iṣẹ́ wọn kí kọnkéré tó bò ó, kí wọ́n lè fi han oníbàárà mìíràn. Mẹ́rìnlá ni èyí tó yà. Irin náà hàn kedere, ọjọ́ tó yà á sì wà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan.

"Má pa ìkankan rẹ́," ni Alàgbà Mùílíù wí. "Fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó rẹ àti tèmi, kó lè wà níbi mẹ́ta. Ní báyìí, fetí sílẹ̀. Ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, òun nìkan ni a máa kọ. Èyí tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, a óò sọ pé o gbọ́ ọ ni. Má bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Bí èébú bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á ní ìjà àárín ìwọ àti ọ̀gá rẹ ni."

Ó fa ìwé sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ní Faransé, ó sì ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí Nàgó kí ó tó kọ èkejì. Nígbà tó dé ibi tó kọ pé "èmi gan-an ni mo so irin náà," Tàófíìkì dá a dúró.

"Bàbá, ṣé dandan ni kí èyí wọ inú rẹ̀?"

"Bí o bá fò ó, òun ni ọ̀gá rẹ máa kọ́kọ́ fi lù ọ́. Bí o bá fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan fi lù ọ́ mọ́."

Tàófíìkì mi orí. Ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òun àti Alàgbà Mùílíù gun zém, ọ̀kadà akérò, lọ sí ilé mẹ́rì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí wọ́n gbé ìwé náà sórí tábìlì, kí wọ́n máa lọ.

"Ẹ̀dà tiwa nìyí," ni Alàgbà Mùílíù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lu òǹtẹ̀ sí i, kí o kọ ọjọ́ òní sí i. Àwa ò kánjú."

Wọ́n jókòó títí ó fi lù ú. Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gba òǹtẹ̀ níbẹ̀ náà. Ibi kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Dìrẹ́tírìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà, Màdáámù Mofẹ́olúwa, wà lórí ìdúró nígbà tó ka ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi Tàófíìkì ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé ìwọ á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ jókòó síbẹ̀?"

"Rárá, Màdáámù."

Obìnrin náà lọ bá ọlọ́dẹ, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú àpò rẹ̀. "Títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnikẹ́ni ò ní wọ ibẹ̀," ó wí. "Bí ó bá jẹ́ irọ́, èmi ni kí wọ́n dá lẹ́bi."

Kó tó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo àdúgò ti gbọ́. Alàgbà Mùílíù ti bẹ àwọn ọ́fíìsì pé kí wọ́n bo orúkọ Tàófíìkì, wọ́n sì bò ó. Ṣùgbọ́n ta ló tún lè mọ ohun tó wà nínú kọnkéré bí kò ṣe ẹni tó tò ó síbẹ̀? Ọ̀gá Bẹ́nwá fúnra rẹ̀ dé, ó ń sọ káàkiri pé òun ti lé Tàófíìkì kúrò níṣẹ́, ìyẹn ló ń dùn ún.

Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rin ni àwọn òbí ti ń retí ilé náà. Abẹ́ páànù gbígbóná ni àwọn ọmọ wọn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, òjò a sì máa pa ìwé wọn. Ràṣídátù, tó ń ta ẹja yíyan létí òkun, wá sí ṣọ́ọ̀bù Àdìzátù, ó ní kí ó dá kakí àwọn ọmọ òun méjèèjì padà láìrán.

"Ohun rere kan dé àdúgò wa," ó wí, "ọkọ yín ní ó dìgbà tó bá bà á jẹ́."

Àdìzátù ká aṣọ náà dáadáa, ó fi lé e lọ́wọ́. Kí ọjọ́ náà tó parí, ẹni mẹ́sàn-án ló ti gba aṣọ wọn padà.

"Bóyá kí n lọ gba ọ̀rọ̀ mi padà," ni Tàófíìkì wí.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. "Ẹ jẹun, ẹ jàre."

Ní Ọjọ́rú, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọkọ̀ ìjọba méjì dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹnjiníà obìnrin kan ló ṣáájú, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó lè rí irin nínú kọnkéré láìfọ́ ọ. Wọ́n fi igi gbé abẹ́ dáálì náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Èrò ti kún ẹ̀yìn ọgbà. Ọ̀gá Bẹ́nwá wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Ẹnjiníà pe Tàófíìkì. "Wọ́n ní ìwọ lo so ó. Kí ẹ̀rọ mi tó sọ̀rọ̀, fi hàn mí."

Tàófíìkì gba ṣọ́ọ̀kì. Ó fa ìlà sára òpó, ó fa ìlà sábẹ́ dáálì, ó ń wí pé, "Irin kan wà níbí. Òmíràn wà níbí. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn." Ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ibi tí ìlà wà, ẹ̀rọ dún. Ibi tí kò sí ìlà, ẹ̀rọ dákẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo kò ṣì.

"Ilé dúró bó ṣe dúró yìí," ni Ọ̀gá Bẹ́nwá wí. "Kí ló ṣe é?"

"A óò wò ó," ni ẹnjiníà dáhùn.

Wọ́n gbé táǹkì ike ńlá mẹ́rin sókè, òfìfo. Wọ́n yọ igi abẹ́ dáálì náà, wọ́n kó gbogbo èèyàn jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà rọ omi sínú táǹkì náà láti ìta. Ẹnjiníà ṣàlàyé fún àwọn òbí pé bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún, yóò tó ìwọ̀n àádọ́rùn-ún ọmọ pẹ̀lú àga àti tábìlì wọn.

Táǹkì àkọ́kọ́ kún. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Táǹkì kejì ò tíì dé ìdajì nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Ìlà dúdú kan la àárín ọ̀dà funfun náà já. Lẹ́yìn náà, dáálì náà wólẹ̀ látòkè délẹ̀, òun àti omi àti táǹkì, sórí ilẹ̀ kíláàsì ìsàlẹ̀. Eruku bo gbogbo ọgbà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo èèyàn ń wo òkìtì kọnkéré náà àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ jáde nínú rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ìka ọwọ́ ẹnì kan ò há.

Ràṣídátù ló kọ́kọ́ rìn. Ó lọ bá Tàófíìkì, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì tí mo bí ni ì bá wà níbẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé."

"Mo mọ̀ wọ́n," ni Tàófíìkì wí. "Ẹ dìde, Ìyá wọn."

Ọ̀gá Bẹ́nwá ti ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi bi Tàófíìkì léèrè, ó sì sọ ipa tirẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Adájọ́ bá a wí fún dídákẹ́ tó dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kò rí bí ẹni tí wọ́n wọ́ wá. Ọ̀gá Bẹ́nwá lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba yẹ àwọn ilé mìíràn tí Ọ̀gá Bẹ́nwá kọ́ wò. Ọ̀kan ní àdúgò Cadjèhoun kò dára, wọ́n sì kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó tún un ṣe.

Oṣù mẹ́ta ni Tàófíìkì fi wáṣẹ́ tí kò rí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan ń sá fún un. Àwọn ará àdúgò ni kò jẹ́ kí ebi pa á. Kakí padà sí ṣọ́ọ̀bù Àdìzátù, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ń bọ̀ láti àdúgò Jonquet pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì gbé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe tuntun, Màdáámù Mofẹ́olúwa àti àwọn òbí fi ohùn kan sọ pé Tàófíìkì ni kí ó so irin rẹ̀. Wọ́n yan òbí márùn-ún láti máa wo irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ràṣídátù wà lára wọn. Ó ra ohun tí wọ́n fi ń wọn irin, ó sì ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹja.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, ilé náà parí. Ẹnjiníà tún gbé táǹkì mẹ́rin sórí rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún dẹ́nu, dáálì náà ò mi.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, olórí àdúgò ní kí wọ́n lọ pe èèyàn ńlá kan kó wá gé rìbọ́ọ̀nù. Àwọn òbí ní èèyàn ńlá náà ti wà nílẹ̀. Wọ́n fa Tàófíìkì síwájú. Màdáámù Mofẹ́olúwa ka ìwé ọpẹ́ tí àwọn òbí kọ sí i, ó kà á ní Faransé, ó kà á ní Nàgó, ẹnì kan sì túmọ̀ rẹ̀ sí Fọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ń pè mí ní akọni," ó wí. "Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi mọ̀, tí mo sì dákẹ́. Ìyàwó mi àti Bàbá Mùílíù ni wọ́n là mí lójú, Màdáámù yìí ló sì gbọ́ mi. Ẹni tó bá tún wá bá yín pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́la, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó bú u. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi yẹ́ mi sí nìyẹn."

Gbogbo ọgbà dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alàgbà Mùílíù pàápàá dìde, bó ti jẹ́ àgbà tó. Àwọn ọmọ wá gun àtẹ̀gùn, kíláàsì tẹ̀lé kíláàsì. Tàófíìkì ò bá wọn gòkè. Ó wọ kíláàsì ìsàlẹ̀ lọ, ó dúró sí àárín rẹ̀ gan-an, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè orí rẹ̀, àádọ́rùn-ún ọmọ, wọ́n ń sáré, wọ́n ń fa àga. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá tú àṣírí ohun tó lè pa ìlú lára kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó gba ìlú là ni. Bí o bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ, ìbáà jẹ́ ilé tí kò lágbára, oògùn tó ti bàjẹ́ tàbí omi tí kò mọ́, má sáré gbé e sórí fóònù. Kọ ohun tí o fojú rí, ọjọ́ tí o rí i àti ibi tí o ti rí i. Tọ́jú àwòrán tàbí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́nà ẹ̀tọ́, má jí ti ẹlòmíràn, má sì bù mọ́ ọ. Bí ọwọ́ tìrẹ náà bá wà níbẹ̀, sọ ọ́. Wá ẹnì kan tó mọ̀wé tó sì ṣeé fọkàn tán, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tó kàn, béèrè bí wọ́n ṣe lè bo orúkọ rẹ, má sì kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tìrẹ.

Ẹ̀yin tó wà nípò àṣẹ, ẹ ṣe bíi dìrẹ́tírìsì yẹn: ẹ ti ilẹ̀kùn ná, kí ẹ tó wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀yin aládùúgò, ẹ má jẹ́ kí ebi tàbí ìtìjú jẹ́ èrè ẹni tó sọ òótọ́. Ẹ ra ọjà rẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ pe orúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ yín.

Bí o bá sì mọ ohun kan lónìí tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ, sọ ọ́ nígbà tí ilé ṣì ṣófo.